Àwọn Wo Ló Gbé Yunifásítì Wa Ró?

  

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn onígàrí ní Ìlaró tí mo ní n kò ní jẹ́ kó kọjá láìkọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa gba ìwé ìwọlé sí yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní OOU. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà ti ṣe ìdánwò JAMB kí ó tó rí i gbà. Ó yẹ ká ti máa jó. Àfi ìgbà tí wọ́n ka ìwé náà síta tán ni wàhálà dé: ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fún un, ní ọgbà Ayétòrò níbí.

Ìyá ọmọ ju kóńgò sílẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo bó pákí títí èékánná mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí kí ọmọ mi má baà ro oko, òun ni wọ́n tún ní kó padà sóko? Kí n wá sanwó fún un? Ọdún márùn-ún? Ẹ má bá mi sọ ọ́."

Ẹnì kejì dáhùn pé àwọn Ìjẹ̀bú ló kọ́ ilé ìwé náà fún ara wọn, pé àjẹkù lásán ló kan àwa tí a wà lẹ́nu ibodè. Ẹnì kẹta, àgbà ni, òun ò pariwo rárá. Ó kàn ní, "A ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, a ò mọ ẹni tó ń darí ẹ̀, a ò mọ ẹni tó jáde níbẹ̀. Owó wa nìkan ni wọ́n mọ̀."

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí òótọ́ ni. Bí a bá fẹ́ kó ẹrù sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kútọnu, a ó béèrè ẹni tó ni ọkọ̀, a ó béèrè dírẹ́bà, a ó béèrè ẹni tó mọ dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n ibi tí a ń kó owó ọdún márùn-ún lọ, tí a ń kó ọmọ lọ pẹ̀lú, a kì í béèrè nǹkan kan. Mo bá ní kí n béèrè fún gbogbo wa.

ONÍWÈÉ ÌRÒYÌN NI BABA TÓ DÁ A SÍLẸ̀

Ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1982 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè sì ni olú ibùdó rẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, OSU, là ń pè é nígbà náà. Gómìnà tó ṣe é ni Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ. Ẹ̀yin àgbà inú wa ò ní gbàgbé rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1927, iṣẹ́ tó sì ń ṣe jẹun kó tó di olóṣèlú ni iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ ọ, ní 1950 sí 1951. Láàárín 1959 sí 1962 ó ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Daily Service àti Daily Express, orúkọ tó sì fún ojú ewé náà ni Ayékòótọ́. Ẹ mọ ẹyẹ yẹn dáadáa, ẹyẹ tí kì í lè pa ohun tó bá rí nínú ilé mọ́ra. Ẹni tó bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kọ̀wé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ràn òun.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979 ló gorí oyè gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, ẹgbẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀. Wọ́n ní kò fẹ́ràn mọ́tò Mercedes ìjọba tó ń fọn fèrè lójú títì, Toyota Crown tirẹ̀ ló ń gùn kiri. Wọ́n tún ní ó máa ń wọ ilé oúnjẹ bí gbogbo èèyàn, bó bá jẹun tán a sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sanwó. Ẹ̀yin olóúnjẹ inú wa, ẹ gbọ́ bí? Àwọn tí kò tó gómìnà, tí kò tó nǹkan kan, tí wọ́n ń jẹun tán tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ iye wọn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ẹgbẹ́ náà gbé wá. Àwọn ọmọ tó ń parí ìwé mẹ́wàá wá ń pọ̀ sí i, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ò sì gbà wọ́n tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìpínlẹ̀ UPN fi tẹ̀ lé ara wọn láti dá tiwọn sílẹ̀: Bendel ní 1981, Ògùn àti Oǹdó ní 1982, Èkó ní 1983.

Ẹ wá wò ó. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, yunifásítì wa ò tíì pé ọdún kan àbọ̀. Ọmọ ọwọ́ ni. Wọ́n kó Ọnàbánjọ lọ sẹ́wọ̀n, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ilé ìwé tí ẹni tó dá a sílẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, tí kò ní baba nílé ìjọba mọ́, èèyàn lè rò pé yóò tú ká. Kò tú. Ọnàbánjọ kú ní oṣù Kẹrin 1990, àwọn ọmọ ṣì ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2001 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwé náà. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà ni gómìnà nígbà náà, oníwèé ìròyìn lòun náà. Àwọn kan bínú pé kí ló dé tí wọ́n ń pa orúkọ dà. Àwa ará ibí kọ́ ló yẹ kó bínú sí irú ìyẹn: títí di 1995, ṣebí Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe gbogbo wa kí a tó gba orúkọ odò Yewa?

GÍWÁ TÓ LỌ JÓKÒÓ TI ÀWỌN TÍ KÒ KÀWÉ

Gíwá àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Olúbí Ṣódípọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí baba yìí, torí pé nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe gbé bírò.

Iṣẹ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ni tirẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń tú ọ̀rọ̀ àti èrò wò títí wọ́n á fi rí ìdí rẹ̀. Òun la gbọ́ pé ó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Yunifásítì Ifẹ̀ ló wà kí wọ́n tó fi í ṣe gíwá ní Àgọ́-Ìwòyè, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Second Order ní 1972.

Ohun tó ṣe nìyí. Òun àti òyìnbó Amẹ́ríkà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, Barry Hallen, gba ilẹ̀ Èkìtì lọ, wọ́n lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn. Wọn ò lọ gba oògùn o. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n lọ béèrè. Wọ́n ní: "Baba, nígbà tí ẹ bá ní ẹ mọ nǹkan, kí lẹ ń sọ? Nígbà tí ẹ bá ní ẹ gba nǹkan gbọ́ ńkọ́? Ṣé ọ̀kan náà ni?" Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde, Knowledge, Belief and Witchcraft, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1986, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997.

Kí ni àwọn oníṣègùn sọ? Wọ́n ní ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, òun ni èèyàn mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ tóbi tó, o gbà á gbọ́ ni, o ò tíì mọ̀ ọ́n. Tí o bá dán an wò, tí o fojú rí i, ó di ìmọ̀ nìyẹn. Àwọn òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òyìnbó á ka nǹkan nínú ìwé, kò débẹ̀ rí, á ní òun mọ̀ ọ́n. Ṣódípọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ wá fi han àwọn ọ̀mọ̀wé ayé pé lórí ọ̀rọ̀ yìí, Yorùbá le ju òyìnbó lọ, kì í yára pe nǹkan ní ìmọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ṣé ohun tuntun nìyẹn létí yín? Ẹni tó bá gbé gàrí wá láti abúlé, tó ní ó gbẹ dáadáa, o ò ní pè é ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n o ó ki ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìsàlẹ̀, o ó jù ú sẹ́nu, o ó fi etí gbọ́ bó ṣe ń dún láàárín eyín. Ìgbà yẹn lo tó mọ̀. Ẹni tó bá ra bélì aṣọ òkìríkà láìtú u wò, ìgbàgbọ́ ló rà. Àwọn ìyá wa ti sọ ọ́ tipẹ́, ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tó kó irú ọgbọ́n yìí lọ sí iwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ni wọ́n fi ṣe olórí àkọ́kọ́ ní ilé ìwé tí a ní kò mọ̀ wá. Ó kú ní 1999. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì wà ni, mo mọ ìsọ̀ tí n bá mú un wá jókòó sí.

ÀWỌN TÓ TẸ̀ LÉ E

Ọ̀pọ̀ gíwá ló ti jẹ lẹ́yìn Ṣódípọ̀. Àwọn tó súnmọ́ wa jù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Adésànyà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ganiyu Ọlátúndé tó gbapò ní 2017, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀dèjì Agboọlá, dókítà ìṣègùn, tí wọ́n yàn ní 2022.

Ẹ ó ti rí i pé gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, ọkùnrin ni wọ́n. Èmi náà rí i. Kì í wá ṣe pé obìnrin ò lè ṣe é. Ní 1985 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams di gíwá ní Benin, obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní Èkó, aládùúgbò wa tí ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n bíi tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jadésọlá Àkàndé, agbẹjọ́rò, ṣe gíwá LASU láti 1989. Ní 2021 wọ́n tún fi obìnrin síbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbíyẹmí Ọlátúnjí-Bello. Ní ìpínlẹ̀ wa níbí pàápàá, ní yunifásítì Tai Solarin, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúyẹmisí Ọbíládé jókòó sórí àga yẹn, obìnrin ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún ọmọbìnrin yín pé ìwé obìnrin kì í kọjá ilé ọkọ, ẹ ka ìpínrọ̀ yìí sí i létí.

ÀWỌN TÓ TI IBẸ̀ JÁDE

Dókítà pọ̀ nínú wọn, lọ́yà pọ̀, tíṣà kò lóǹkà. Ìwọ̀nba tí ẹ ó mọ̀ lójú ni n ó mú.

Ta ni kò mọ Lateef Adédiméjì? Ẹni tó ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà nínú fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021. Àwọn tó mọ Àyìnlá fúnra rẹ̀ kó tó kú ní 1980 sọ fún mi pé àwọn sunkún. Ní 2024 ló tún ṣe Líṣàbí. OOU ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ló sì kọ́. Ní ilé ìwé tí oníwèé ìròyìn dá sílẹ̀, ẹ kíyè sí i.

Ẹnì kejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kẹ́hìndé Bánkọ́lé, ọmọ ìpínlẹ̀ wa, wọ ilé ìwé náà, ẹ̀kọ́ ìròyìn kan náà ni wọ́n fún un, kí iṣẹ́ ẹwà àti eré tó fà á lọ. Òun ni Bọ́láńlé Austen-Peters mú pé kó ṣe Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nínú fíìmù tó wọ sinimá ní 2024. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ó yẹ kí gbogbo wa rí fíìmù yẹn, torí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ni. Ní Abẹ́òkúta, láwọn ọdún 1940, ìyáàfin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ABD ni ọ̀rọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀: owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, ìrẹsì tí wọ́n ń fipá gbà lọ́jà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n kóra jọ, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọ́n kọ̀, wọn ò lọ. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀. Obìnrin ọjà ló ṣe é, àwọn tó ń ta àdìrẹ àti gàrí.

Mo mọ ìyá tó ń jà pé ọmọ òun lọ kọ́ "másíkọ́ọ̀mù", ó wá ń ṣe eré. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

AYÉTÒRÒ ŃKỌ́?

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìyá tó ju kóńgò. Yunifásítì wa kì í ṣe ojú kan. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà ní Ṣàgámù, apá kan rẹ̀ wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wà ní Ìbógun, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ayétòrò, lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó ní àjẹkù ni wọ́n fún wa, mo yé e sí. Ṣùgbọ́n kí ló wà nílẹ̀ Yewa bí kò ṣe oko àti ọjà? Pákí wa, àgbàdo wa, ẹ̀pà wa, màlúù ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yan ẹ̀kọ́ kan fún ìlú yìí, mi ò rò pé n bá yan òmíràn.

Ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọn kì í kó ọkọ́ lé ọmọ lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún. Wọ́n á dé oko o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó inú iṣẹ́ oko: iye tí nǹkan máa ná ni, iye tó máa tà, ìgbà tó yẹ kí a tọ́jú ẹrù, ìgbà tó yẹ kí a tà á. Ẹ̀ka ti ẹran ọ̀sìn wà, ti ohun ọ̀gbìn wà, ti àwọn tó ń lọ kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun wà, ti ìtọ́jú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì náà wà. Nígbà tí wọ́n ti ibodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, tí Ìdí-Ìrókò ò sì ṣí títí di 2022, ta ló dúró nínú wa? Àwọn tí ọjà wọn ń ti oko ibí jáde ni. Àwa tí a gbójú lé ìrẹsì àti aṣọ òdìkejì, a jẹ gbèsè. Mo wà lára wọn, ẹ ò níí bi mí.

Ọ̀rọ̀ owó nìkan ló le. Yunifásítì ìpínlẹ̀ máa ń wọ́n ju ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ń tan yín ni. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè iye owó ọdún kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ béèrè ti ilé gbígbé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ọ̀nà tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ ni kí ẹ gbà sanwó, ẹ má fún ọmọ ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn ti gbé owó ọ̀pọ̀ ìyá lọ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìyá ọmọ náà ò ṣí ìsọ̀. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, òun àti ọmọ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. A bi í léèrè, kò dáhùn, ó ní kí a fún òun lómi. Ó mu omi tán, ó ní òun rí àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀ o, wọ́n pọ̀ ju bí òun ṣe rò. Ó ní òun bi ọ̀kan nínú wọn ìdí tí gàrí fi ń wọ́n tí òjò bá dá, ọmọ náà sì sọ ọ́ fún òun bí ẹni tó ti ta gàrí rí.

Lẹ́yìn náà ló yí sí olówó àjọ wa. Ó ní ọwọ́ tòun ku oṣù mẹ́ta, ṣé a lè jẹ́ kí òun kó o nísinsìnyí. Ìyá àgbà tó ní owó wa nìkan ni wọ́n mọ̀, òun ló kàn láti kó ti oṣù yẹn. Ó ní kí wọ́n fún un.